Ẹni Tí Wọ́n Kì Àti Ẹni Tó Kì Í: Bí A Ṣe Ń Wádìí Àwòrán Ìwé Àti Agbárí Láti Leiden

Tí onírárà bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń ki baálé ilé, orúkọ méjì ló wà nínú iṣẹ́ náà: orúkọ ẹni tí wọ́n ń kì, àti orúkọ ẹni tó ń kì í. Ẹni tó ń gbọ́ ọ láti òkèèrè lè dá ọ̀kan mọ̀ kó má mọ èkejì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwòrán tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí rí. Stilleven ni àwọn ará Nẹ́dálándì ń pè é, ohun tó dúró jẹ́ẹ́. Tábìlì kan ni, pẹ̀lú ìwé tí etí wọn ti ká kò, agbárí, àbẹ́là tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, gègé ìyẹ́ ẹyẹ, lẹ́tà tí èdìdì onída wà lára rẹ̀, bóyá àwòrán ojú ọkùnrin kan lórí bébà. Ẹ ò ní rí ènìyàn kankan tó jókòó níbẹ̀, síbẹ̀ ìdílé ọ̀mọ̀wé kan lè wà tí wọ́n ń fi gbogbo rẹ̀ yìn.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé bí ènìyàn bá ti mọ ìdílé náà tán, yóò gbé ayàwòrán olókìkí kan fún un, bíi pé ilé ńlá kò lè gbéṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ìbéèrè méjì ni. Ẹ̀rí ti ọ̀kan kì í ṣe ẹ̀rí ti èkejì. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí ẹ pín in sí méjì láti ọjọ́ kìn-ín-ní: apá kan fún ìdílé, apá kan fún ọwọ́ tó yà á.

Leiden, ìlú kan ní Nẹ́dálándì, ni mo mú, nítorí irú àwòrán yìí gbilẹ̀ níbẹ̀ gan-an láàárín nǹkan bí 1620 sí 1660. Yunifásítì ìlú náà ti wà láti 1575, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, atẹ̀wé àti ayàwòrán sì jọ ń gbé ìlú tí kò tóbi. Agbárí pàápàá kò ṣàjèjì sí wọn. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń la òkú fún ẹ̀kọ́ ìṣègùn, odindi egungun ènìyàn ni wọ́n nà ró, tí wọ́n fún ní àsíá tí ọ̀rọ̀ nípa ikú wà lára rẹ̀ lédè Látìnì.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn

Ẹ yí àwòrán náà padà kí ẹ tó wo ojú rẹ̀. Ní 1913, wọ́n rí pákó roboto kan ní ìlú Enschede tí wọ́n fi ń dé àgbá èso àjàrà gbígbẹ. Iṣẹ́ Johannes Torrentius ni, èyí tó yà ní 1614, òun nìkan sì ni iṣẹ́ rẹ̀ tí a mọ̀ pé ó kù láyé. Lẹ́yìn pákó náà ni àmì wà tí wọ́n fi irin gbígbóná tẹ̀, àmì ohun ìní Charles Kìn-ín-ní ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti gbé ààfin rí kó tó di ọmọrí àgbá. Rijksmuseum ní Amsterdam ló wà báyìí. Ká ní ẹnìkan ti fá ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè mọ́ ni, ìtàn ààfin yẹn ì bá ti lọ.

Nítorí náà, ẹ má fá nǹkan kan, ẹ má nu nǹkan kan. Kò gbọdọ̀ sí omi, ọṣẹ, búrẹ́dì tàbí ànàmọ́ nítòsí rẹ̀, ohun yòówù tí àwọn ènìyàn ìbáà sọ. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn, etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti férémù, kí ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹfun, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, èdìdì àti ojú ìṣó sílẹ̀. Tí ẹ bá rí àmì ọwọ́ méjì àti ilé olódi tí wọ́n fi iná tẹ̀, Antwerp ni wọ́n ti ṣe pákó náà, torí láti 1617 ni òfin ẹgbẹ́ wọn ti ń béèrè irú àmì bẹ́ẹ̀. Ibi tí pákó ti wá nìkan ni èyí sọ. Pákó ń rin ìrìn àjò bí ọjà yòókù.

Ìgbésẹ̀ kejì: igi àti ọ̀dà

Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ni èyí, kò sì yẹ kí ẹ dá a ṣe. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ lè bi wọ́n. Tó bá jẹ́ pákó igi óákù ni, wọ́n lè ka òrùka inú rẹ̀. Igi óákù láti etí òkun Baltic wọ́pọ̀ nínú àwọn pákó ìgbà náà, òrùka ọdọọdún rẹ̀ sì ti wà ní àkọsílẹ̀ tí wọ́n lè fi wé. Òrùka tó kẹ́yìn yóò sọ ọdún tí igi náà ṣì wà lórí ìdúró. Ẹ fi òrùka etí igi tí káfíńtà ti gé dànù kún un, àti àkókò tí igi fi gbẹ. Ohun tó máa ń jáde níbẹ̀ ni ọdún tí wọn kò lè ti yà á ṣáájú rẹ̀. Kò lè sọ ọdún tí wọ́n yà á gan-an, nítorí pákó lè wà nílẹ̀ fún ogún ọdún.

Ní ti ọ̀dà, àwọn èròjà kan ní ọjọ́ ìbí. Àwọ̀ búlúù ti Prussia kò sí láyé kí wọ́n tó ṣe é ní Berlin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún. Funfun títáníọ́mù, ọmọ ọ̀rúndún ogún ni. Tí wọ́n bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti mú èròjà náà kí ẹ tó bọkàn jẹ́, torí ó lè jẹ́ ibi tí ẹnìkan tún ṣe lẹ́yìn náà ni, tí ìsàlẹ̀ ṣì jẹ́ ti àtijọ́. Yẹ́lò tí wọ́n fi òjé àti tánńganran ṣe ní tirẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán ní nǹkan bí 1750, wọn kò sì tún mọ̀ ọ́n mọ́ títí di 1941. Tí ó bá wà nínú ọ̀dà ìpìlẹ̀, ó dára fún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka gbogbo lẹ́tà

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti lo àkókò jù. Àwọn ayàwòrán Leiden fẹ́ kí a kàwé lára tábìlì wọn. Ẹ ya fọ́tò tó mọ́ gaara, kí ẹ sì fi iná fẹ́gbẹ̀ẹ́ tàn án, kí ìmọ́lẹ̀ fò lórí ọ̀dà bí oòrùn àárọ̀ ṣe ń fò lórí poro oko. Lẹ́yìn náà kí ẹ fa fọ́tò náà tóbi lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ yí i sọ́tùn-ún, kí ẹ dorí rẹ̀ kodò, kí ẹ yí i bíi ti inú dígí. Àkọlé wà lẹ́yìn ìwé, lára ojú ewé àkọ́kọ́, lára bébà tó rọ̀ sílẹ̀ létí tábìlì. Lẹ́tà mẹ́rin péré àti ọdún ìtẹ̀jáde lè tó láti mọ ìwé. STCN, àkójọ ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Nẹ́dálándì títí di 1800, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tí ẹ rí wá a níbẹ̀, kí ẹ fi fọ́tò ojú ewé tòótọ́ wé èyí tó wà nínú àwòrán.

Ọdún ìwé náà ń ṣe bí òrùka igi: àwòrán kò lè ṣáájú rẹ̀, ó sì lè tẹ̀lé e jìnnà. Ní Mauritshuis, ilé àfihàn àwòrán ní The Hague, àwòrán ìwé kan wà tí ayàwòrán Jan Davidsz. de Heem fọwọ́ sí, tó kọ 1628 sí. Ìwé Bredero, òǹkọ̀wé eré, ṣe é kà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Bredero ti kú ní 1618. Ká ní ìbuwọ́lù De Heem ti parẹ́, ẹni tó bá gbára lé ìwé náà nìkan lè fi ọdún mẹ́wàá ṣìnà. Ẹ kó gbogbo ọdún tí ẹ bá rí jọ, kí ẹ sì di èyí tó kẹ́yìn mú.

Pieter Steenwijck ya àwòrán kan fún ìrántí ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi, Maarten Tromp, tó kú lójú ogun ní oṣù kẹjọ 1653. Museum De Lakenhal ní Leiden ló wà. Àwòrán atẹ̀ ojú Tromp wà lórí tábìlì níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìsìnkú rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde. Ẹni tí wọ́n ń kì hàn kedere, ọdún tí àwòrán kò lè ṣáájú rẹ̀ náà sì hàn. Mo máa tún padà sí i.

Ẹ wá ìbuwọ́lù lẹ́yìn ìyẹn. Nínú irú àwòrán yìí, wọ́n sábà máa ń fi í sára ohun tó wà nínú àwòrán. David Bailly, ayàwòrán Leiden, kọ orúkọ rẹ̀ àti 1651 sára bébà tó rọ̀ sílẹ̀ létí tábìlì, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Látìnì tó ní asán nínú asán, gbogbo rẹ̀ asán ni. Clara Peeters ní Antwerp kọ tirẹ̀ sára ọ̀bẹ. Jan Jansz. den Uyl, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí òwìwí, ya òwìwí kékeré. Àmì kékeré báyìí lágbára: ní 1893 ni Cornelis Hofstede de Groot, onímọ̀ ìtàn àwòrán, fi hàn pé lẹ́tà J àti L pẹ̀lú ìràwọ̀ kan, lára iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pè ní ti ayàwòrán Frans Hals, jẹ́ ti ayàwòrán obìnrin, Judith Leyster. Obìnrin náà ti sọ̀nù sábẹ́ orúkọ ọkùnrin fún nǹkan bí igba ọdún. Ó ń dùn mí nígbàkígbà tí mo bá rántí rẹ̀, ìdí sì nìyí tí n kò fi ń fojú kéré àmì kankan.

Orúkọ tó hàn gbangba jù ni kí ẹ fura sí jù. Ẹ fi máíkíróskópù wò ó. Bí ọ̀dà àtijọ́ bá ń gbẹ, ó ń sán. Tí ìsán náà bá la lẹ́tà kọjá, lẹ́tà àti àwòrán jọ darúgbó ni. Tí ọ̀dà lẹ́tà bá ṣàn wọ inú ìsán náà, ẹnìkan ló wá kọ ọ́ lẹ́yìn ìgbà tí àwòrán ti di àgbà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ta ni wọ́n ń kì?

Ẹ pín ohun orí tábìlì sí ohun ọjà àti ohun inú ilé. Ohun ọjà ni ohun tí ẹnikẹ́ni lè fowó rà: ìwé tí Daniel Heinsius, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Leiden, kọ, àwòrán atẹ̀ ojú rẹ̀, aago oníyanrìn, agbárí. Ohun inú ilé ni èyí tí kò lè dé ọwọ́ ayàwòrán bí kò ṣe pé ẹni ilé gbé e fún un: lẹ́tà tí orúkọ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí wà lẹ́yìn rẹ̀, ìwé àfọwọ́kọ, ìwé ọ̀rẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbé kiri kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lè kọ ọ̀rọ̀ ìwúre sí i, àmì ìdílé ọkọ àti ti aya tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ogún ohun ọjà kò tó ohun inú ilé kan.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Tromp. Àwòrán atẹ̀ ojú rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìsìnkú rẹ̀, ohun ọjà ni méjèèjì. Ó dájú pé wọ́n ń yìn ín, ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí tábìlì kò sọ pé ilé Tromp ló gbéṣẹ́ náà jáde. Gbólóhùn mẹ́ta tó yàtọ̀ ni: àwòrán yin ìdílé yìí, ìdílé yìí ló ní kí wọ́n yà á, ìdílé yìí ló ni ín nígbà kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí tirẹ̀.

Àmì ìdílé máa ń wà lára èdìdì, lára ife, tàbí lára fèrèsé tó ń dán lórí ìgò. Ẹ ya ìrísí rẹ̀ sórí bébà kí ẹ tó wá a. Nínú àmì tọkọtaya, ti ọkọ wà ní apá òsì ẹni tó ń wò ó, ti aya wà ní apá ọ̀tún. Àmì tí wọ́n yà sínú ìrísí dáyámọ́ńdì sábà máa ń jẹ́ ti obìnrin. Àkójọ àmì ìdílé tí J. B. Rietstap ṣe ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, CBG, ilé ìwádìí ìtàn ìdílé ní The Hague, náà sì ní àkójọ fún àwọn ìdílé Nẹ́dálándì. Ẹ ṣọ́ra fún ìda pupa: kì í fi àwọ̀ àmì hàn, bẹ́ẹ̀ ìdílé tó pọ̀ lè ní kìnnìún kan náà, kó jẹ́ pé àwọ̀ nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀.

Orúkọ tún jẹ́ ìṣòro kan. Àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń sọ orúkọ wọn di Látìnì. Van Heurn di Heurnius, Snel van Royen di Snellius, De Groot di Grotius, Vos di Vossius. Lára ìwé, ti Látìnì ni ẹ óò rí. Lọ́dọ̀ nótírì, nínú àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó àti ìsìnkú, orúkọ ilé ló sábà máa ń wà. Tí ẹ bá wá ọ̀kan láìwá èkejì, ẹ óò rò pé ìdílé náà kò sí. Ẹ sì má gbàgbé pé vos ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lédè wọn, torí ẹranko inú àmì lè jẹ́ orúkọ ìdílé fúnra rẹ̀.

Ẹ wo baba àti ọmọ pọ̀. Johannes Heurnius jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn ní Leiden títí ó fi kú ní 1601, ọmọ rẹ̀ Otto náà ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn níbẹ̀, òun ló sì ń bójú tó gbọ̀ngàn egungun yẹn láti 1617. Tí ẹ bá rí Heurnius lára ìwé ìṣègùn nínú àwòrán, èwo nínú wọn ni? Bóyá ọmọ ló ń fi ìwé baba rẹ̀ yangàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Rudolph Snellius àti Willebrord ọmọ rẹ̀, àti Daniel Heinsius àti Nicolaas. Ẹ tún wo ìlú tí wọ́n wà ní ọdún náà: Gerardus Vossius fi Leiden sílẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tuntun ní Amsterdam, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù kìn-ín-ní 1632. Àwòrán 1640 tó bá yin ìdílé Vossius kò di dandan kó jẹ́ iṣẹ́ ará Leiden.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọwọ́ ta ni?

Ẹ pa ìwé apá ìdílé dé. Mo sọ èyí tọkàntọkàn: bí orúkọ ńlá bá wà lórí yín, ojú yín yóò rí ohun tó fẹ́ rí.

Iṣẹ́ tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi wé e, èyí tó ní ìbuwọ́lù tó dájú àti ọdún, ó kéré tán mẹ́ta fún ayàwòrán kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá fi iṣẹ́ tí wọ́n ṣì ń ṣiyèméjì lé lórí wé òmíràn, àròsọ lẹ ń kọ́ lé àròsọ. Ẹ wo ibi tí ayàwòrán kò ti rò ó kó tó ṣe é. Giovanni Morelli, ará Ítálì tó kọ́ ìṣègùn, ló fi èyí kọ́ ayé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún: ó ní ká wo etí àti èékánná ju ojú lọ. Nínú àwòrán ìwé, etí ewé ìwé ni èékánná wa. Ṣé ó fa ewé níkọ̀ọ̀kan, àbí ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ wọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan? Báwo ni òjìji ihò ojú agbárí ṣe parí, ṣé ó yọ̀ díẹ̀díẹ̀ àbí ó dá bíi pé wọ́n gé e? Báwo ni eyín ṣe tò? Èéfín àbẹ́là ń kọ́? Ojú dídán lára ìgò, ṣé ọ̀dà kíki kan ṣoṣo ni àbí ó tún un ṣe?

Àwọn ará ilé kan náà ló le jù. Bailly, tí wọ́n bí ní 1584 tó sì kú ní 1657, ni ó kọ́ Harmen àti Pieter Steenwijck níṣẹ́, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀. Ohun kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń yà, bóyá agbárí kan náà pàápàá ló wà nílẹ̀ fún wọn. Nítorí náà ohun tó wà lórí tábìlì kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà kó o kalẹ̀ ló lè ràn yín lọ́wọ́. Nínú iṣẹ́ Harmen tó wà ní National Gallery ní London, ẹrù jọ sí igun ọ̀tún nísàlẹ̀, ògiri ṣófo, ìmọ́lẹ̀ kan sì gba òkè òsì wọlé wá. X-ray fi hàn pé orí ère ọkùnrin kan tó dé adé ewé ló kọ́kọ́ wà níbi tí ìkòkò wà báyìí. Irú ìyípadà ọkàn bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tó ń ṣe àdàkọ kì í sábà yí ọkàn padà: ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló ń tẹ̀lé.

Ẹ rántí pé ọwọ́ ènìyàn ń yí padà. De Heem tó ya ìwé aláwọ̀ eérú ní Leiden ṣáájú 1630 ló lọ sí Antwerp, tó wá ń ya èso, òdòdó àti edé pupa tó kún tábìlì. Ọjọ́ tí ẹ rí ní ìgbésẹ̀ kejì àti ìkẹta ni yóò sọ De Heem tó yẹ kí ẹ fi wé e.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìwé ẹ̀rí

Ẹ gba ọ̀nà méjì: láti ọwọ́ ẹni tó ni ín lónìí sẹ́yìn, àti láti ọ̀dọ̀ ìdílé náà síwájú. Àkọsílẹ̀ dúkìá tí nótírì máa ń ṣe nígbà tí ènìyàn bá kú wà ní Erfgoed Leiden fún ìlú náà. Ti Amsterdam wà ní ibi ìkówèépamọ́ ìlú wọn, ọ̀pọ̀ sì wà nínú Montias Database, àkójọ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ilé àwòrán Frick ní New York. Ẹ wá ọ̀rọ̀ doodshoofd, ìyẹn agbárí, àti vanitas, ìyẹn asán, àti boeken, ìyẹn àwọn ìwé, torí nótírì kì í sábà kọ orúkọ ayàwòrán. RKD, ilé ìwádìí ìtàn àwòrán ní The Hague, tí àkójọ Hofstede de Groot wà lára ìpìlẹ̀ rẹ̀, ní àìmọye fọ́tò tí ẹ lè wò láti ilé.

Àlàfo tó bá wà láàárín 1933 sí 1945, ẹ má fò ó. Jacques Goudstikker, oníṣòwò àwòrán ní Amsterdam, kú lójú omi nígbà tó ń sá fún àwọn Násì ní 1940. Ìwé kékeré dúdú tó wà lára rẹ̀ ní orúkọ àwòrán tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Ìwé yẹn wà lára ẹ̀rí tó mú kí ìjọba Nẹ́dálándì dá àwòrán 202 padà fún àwọn àrólé rẹ̀ ní 2006. Àwòrán tó wà níwájú yín lè jẹ́ ohun tí ẹnìkan ń sunkún rẹ̀ títí di òní.

Ìgbésẹ̀ keje: bí ẹ óò ṣe kọ ọ́

Ẹ lo ọ̀rọ̀ tó bá ìwọ̀n ẹ̀rí yín mu. "Iṣẹ́ Harmen Steenwijck" túmọ̀ sí pé ẹ ò ṣiyèméjì. "A rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ni" fi àyè sílẹ̀. "Ilé iṣẹ́ rẹ̀" ni ti àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀. "Ẹni tó sún mọ́ ọn" jẹ́ ti ìgbà kan náà láìmọ orúkọ, "ẹni tó tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀" lè jẹ́ ti ìgbà mìíràn, "àdàkọ" sì ni èyí tí a mọ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kí ìdílé ní ìlà tirẹ̀, kí ọwọ́ ní tirẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró lé. Ká ní gbogbo iṣẹ́ yín já sí bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ yìí, ẹ ti ṣe dáadáa:

*Ọwọ́: ayàwòrán Leiden kan tó sún mọ́ David Bailly. Ó jọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú etí ìwé àti bébà, kò jọ ọ́ nínú agbárí. Kò sí ìbuwọ́lù.*

*Ọjọ́: kò ṣáájú 1632, nítorí ìwé tó wà lápá ọ̀tún.*

*Ìdílé: yin ìdílé Heurnius, nítorí ìwé méjì àti àwòrán ojú, ohun ọjà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmì ara èdìdì ṣì wà lẹ́nu ìwádìí. A kò tíì rí ẹ̀rí pé ìdílé náà ló gbéṣẹ́ jáde.*